Ṣé Ìwé Ìrìnnà Nìkan Tó Láti Wọ Malta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkù, Abẹ́òkúta. Ọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní erékùṣù Malta, mo sì fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ 3. Ẹnì kan tó ń báni ṣètò ìrìnàjò ní ìwé ìrìnnà mi nìkan ti tó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Malta ti wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo òfin físà kan náà) láti ọdún 2007, nítorí náà ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra, ìyẹn físà tí kò gbani láàyè ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ lo oṣù 3, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀ kó tó parí. Ẹ óò tún nílò ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 Yúróò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù ni ẹ̀rí pé ẹ óò padà wálé. Ẹ kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù àti àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi bí owó ṣe ń wọlé hàn jọ, kí ọmọ yín sì kọ lẹ́tà ìpè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá owó kó sí báǹkì nítorí físà. Ó kéré tán, ẹ fi ìwé ìbéèrè físà yín sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò, ṣùgbọ́n kó má ju oṣù 6 lọ.