Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iná tàbí ariwo ló ń fa wárápá mi?

Iná tó ń ṣẹ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá èyí tó ń ṣẹ́ ní ìgbà 3 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní wárápá ni iná ń yọ lẹ́nu o: nínú 100, bíi 3 péré ni, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù. Àwòrán onílà dúdú àti funfun náà lè fà á. Ti ohùn tàbí orin ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá gbé yín: ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń wò, bí ẹ ṣe sùn sí, bóyá ẹ lo oògùn. Àìsùn àti oògùn tí a kò lò ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀ ju iná lọ. Àyẹ̀wò EEG, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn lè fi ti iná hàn kedere.

Bí iná bá ṣàdéédé ń ṣẹ́ níwájú yín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá, kí ẹ sì kọjú síbòmíì. Dídijú nìkan kò tó, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ìpéǹpéjú wọlé.