Ìtẹ́lọ́rùn: ọrùn ni, kì í ṣe ọ̀run

Ẹni tó béèrè bóyá òótọ́ ni pé "ìtẹ́ ọ̀run" ló di ìtẹ́lọ́rùn, pé kò sẹ́ni tó lè ní i àfi tó bá kú, èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò nínú mọ́tò, láti Sápọ́n dé Pánsẹ̀kẹ̀ ni inú ń bí mi. Irọ́ ni o. Ẹ fi ẹnu ara yín pè é wò. Tá a bá ní "Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run", ohùn ò já wálẹ̀ níparí. Ṣùgbọ́n "ó tẹ́ mi lọ́rùn", ohùn já wálẹ̀, ọrùn tí orí jókòó lé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ fà á, "orun" kan náà lẹ fi ń kọ ọrùn, ọ̀run, oorun àti oòrùn lórí fóònù, ọmọ wo ló máa mọ èyí tẹ́ ẹ ń wí?

Èmi gbà pé "tẹ́" ibẹ̀ ni èyí tá a fi ń tẹ́ ẹní. Ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọrùn ẹ tí ọrùn fi sinmi ni. Bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọkàn balẹ̀, ara tù, ọrùn náà sì ní tiẹ̀. Ọrùn ló ń jìyà ẹrù, òun náà ni wọ́n ń so okùn mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, lẹ́rú ní 1821, okùn ni wọ́n jù sí àwọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Ìyá ẹ̀ wà nínú wọn. Ọdún 25 lẹ́yìn ẹ̀, Abẹ́òkúta níbí ni ìyá àtọmọ ti fojú kanra, nígbà tó sì di 1848 wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà. Tí mo bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aké báyìí, ọrùn ìyá yẹn ni mo máa ń rò.

Ìtẹ́ tẹ́ ẹ sì ń wá lọ sọ́run, ẹ lọ ka Sáàmù 84, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lásán ti ní ìtẹ́ tiẹ̀ nídìí pẹpẹ.

"Ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà" tẹ́ ẹ tún béèrè, ọ̀rọ̀ ká má ṣojúkòkòrò nìyẹn, kò le. Èyí tó ń dùn mí ni pé ìtẹ́lọ́rùn ò sí nínú àdúrà wa, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti Ọlọ́run mọ́, ká ṣáà ti wọlé, ká ka ohun tá a fẹ́ gbà lẹ́sẹẹsẹ, ká pariwo, ká jáde.

Ìyá tó bí bàbá mi, aláàdìrẹ ni n'Ítòkú. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló máa ń tètè palẹ̀ ọjà mọ́, á fọ ọwọ́, àró ò ní tán lára èékánná ẹ̀, a ó jọ lọ jókòó lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹnì kankan ò sí níbẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀. Á gbé orí ẹ̀ ti bẹ́ǹṣì, á dákẹ́. Èmi tí mo gbé báàgì ẹ̀ ló ń sú. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé màmá, kí lẹ ń tọrọ tó pẹ́ tó báyìí, ṣé ti òrùlé wa tó ń jò ni? Ó ní òun mọ̀ pé ó ń jò, Ọlọ́run náà mọ̀, òun ò tọrọ nǹkan kan, òun kàn wá jókòó tì í ni.