Èsì: Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì T kì í bá ara wa jà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń gbógun ti àìsàn, bá jẹ́ ọmọ ogun ara, kí ni kò jẹ́ kó pa onílé? Ó máa ń dojú kọ onílé nígbà mìíràn o! Àmọ́ ọlọ́pàá wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà, tó ń dá àwọn yòókù lẹ́kun. Shimon Sakaguchi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jàpáánì, ló dá àwọn ọlọ́pàá yìí mọ̀. Bí wọ́n bá yọ thymus, ilé ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì T tó wà lẹ́yìn egungun àyà, lára ọmọ eku ọjọ́ mẹ́ta, ara eku náà á máa ba ara rẹ̀ jẹ́. Sakaguchi fún irú eku bẹ́ẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì T eku mìíràn tára rẹ̀ le, ìjà sì rọlẹ̀. Ní 1995 ló fi CD25, àmì kan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì, tọ́ka àwọn ọlọ́pàá náà. Ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á; ẹ̀bùn Nobel dé ní 2025.