Ṣé Eré Ni Ológbò Yìí Ń Ṣe àbí Ìjà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ológbò mi ti pé oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá ń kọjá, á yọ láti ẹ̀yìn àga, á dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, á sì gé mi jẹ. Bó bá nà gbalaja tó ṣí ikùn sílẹ̀, tí mo ní kí n fọwọ́ pa á, kíá ni á fi èékánná gbá ọwọ́ mi mú. Ṣé ó kórìíra mi ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọdẹ ni eré ológbò: á tẹjú mọ́ nǹkan, á ba sílẹ̀, á máa mi ìdí, kó tó fò mọ́ ọn. Ohun tó bá ń sá lọ ló ń wù ú mú. Nínú ilé tí kò sí eku, ẹsẹ̀ yín ni eku. Bí ẹ bá sì ti ń fi ìka bá a ṣeré láti kékeré, ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ní ti ikùn, ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀. Kò ní kí ẹ wá fọwọ́ kàn án. Bó bá gbá yín lọ́wọ́ mú, ẹ má fà á yọ, torí fífà yẹn ló ń sọ ọwọ́ di ẹran tó ń sá. Ẹ dá a dúró gbọnin títí á fi tú u sílẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má lù ú: ológbò tó bá ń bẹ̀rù ọwọ́ á já a jẹ tòótọ́.

Ẹ so ìyẹ́ tàbí àkísà mọ́ okùn, kí ẹ so okùn mọ́ ọ̀pá gígùn. Ẹ máa wọ́ ọ jìnnà sí i, ẹ má jù ú sí i lójú; eku wo ló ń sáré wá bá ológbò? Ẹ jẹ́ kó máa rí i mú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú á bí i. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tó. Ẹ ṣe ti alẹ́ kété kí ẹ tó fún un lóúnjẹ, oorun ló máa kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé okùn náà pamọ́: bó bá gbé e mì, ó lè fa ìfun rẹ̀ jọ, iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Bí ìrù bá ti ń na ilẹ̀ pà-pà, tí etí yí sẹ́yìn, tí awọ ẹ̀yìn ń gbọ̀n, ó ti tó. Ẹ má fi ìrù ajá wò ó.

Ìbéèrè: Àwọn ológbò mi méjì máa ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ṣé kí n là wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀. Eré kì í sábà láriwo, èékánná kì í yọ, ẹni tó ń lé sì máa ń di ẹni tí wọ́n ń lé. Bí etí bá lẹ̀ mọ́ orí, tí irun dìde, tí igbe sọ, tàbí tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń sá lọ fara pamọ́, ìjà ni. Páálí ni kí ẹ fi dí wọn lójú, kì í ṣe ọwọ́. Ojú eyín ológbò kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń jìn. Bí eyín rẹ̀ bá wọ yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.