Ẹ̀pà Kì Í Bá Ọmọ Mi Lára Mu: Ṣé Kí N Jẹ́ Kó Jáde Lálẹ́ Halloween?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa. Láti Ìbàdàn la ti dé sí Houston lọ́dún yìí, Halloween wa àkọ́kọ́, alẹ́ tí àwọn ọmọ ibí máa ń wọ aṣọ ìmúra kiri, ló ń bọ̀ yìí. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 7, ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò gba súìtì. Ẹ̀pà kì í bá a lára mu rárá. Dókítà ti kọ EpiPen fún un, abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tí wọ́n ń gún bí ohun tí kì í bá a lára mu bá kọlù ú. Ìyá mi ní Ìbàdàn náà ò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ní àwọn òyìnbó máa ń fi májèlé sí súìtì ọ̀hún. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ọmọ. Ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ̀yin tàbí àgbàlagbà mìíràn tó mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ mi, ohun méjì ló sì máa ń bà mí lẹ́rù ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá: ẹ̀pà àti ọkọ̀. Májèlé ò sí lára wọn.

Ìtàn tí Màmá gbọ́ ní ìpìlẹ̀ o, ìtòsí yín níbẹ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ní 1974, ní Deer Park lẹ́bàá Houston, ọmọ ọdún 8 kan kú lẹ́yìn tó jẹ súìtì tí wọ́n bu májèlé sí lálẹ́ Halloween. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló bu ú sí i, nítorí owó adójútòfò tó fẹ́ gbà lórí ẹ̀mí ọmọ náà. Ìjọba Texas pa á ní 1984. Joel Best, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Delaware, ti ń tú irú ìròyìn yìí yẹ̀wò láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì rí ẹyọ ọmọ kan tí súìtì onímájèlé láti ọwọ́ àjèjì pa lẹ́nu ìrìn yìí. Ẹ ka èyí sí Màmá létí.

Ẹ̀pà ni kí ẹ gbájú mọ́. Ó wà nínú Snickers, ó wà nínú Reese's, M&M's lásán pàápàá ń kọ ọ́ sára pé ẹ̀pà lè wà nínú òun. Ohun tó máa ń tan àwọn òbí jẹ ni pé súìtì kéékèèké tí wọ́n ń pín lálẹ́ yẹn lè má rí bákan náà pẹ̀lú ńlá rẹ̀ tí ẹ ti mọ̀, àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè má sí lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ara àpò ńlá tí onílé ti jù nù ló wà. Nítorí náà, ẹ fún un lóúnjẹ yó kó tó jáde, kó má fi nǹkan kan sẹ́nu lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá délé, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹ mú un kúrò. Kí ẹ ti ra èyí tó lè jẹ pamọ́, kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 7 kì í gba kí wọ́n kàn gba tọwọ́ òun lọ.

Ẹ óò rí élégédé níwájú àwọn ilé kan tí wọ́n fi ọ̀dà àárín búlúù àti àwọ̀ ewé kùn. Àwọn ẹbí tó ní irú ìṣòro yín ní ìlà-oòrùn Tennessee ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, FARE, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu, sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà ní 2014. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn wà nílé náà yàtọ̀ sí jíjẹ: pẹ́ńsù, ìwé àlẹ̀mọ́, ohun ìṣeré. Súìtì ẹlẹ́pà ṣì lè wà níbẹ̀ náà o, nítorí náà ẹ bèèrè.

EpiPen méjì ni kó wà lára ẹni tó ń tẹ̀ lé e, kì í ṣe nínú ọkọ̀ tàbí nínú àpò súìtì. Bí ètè rẹ̀ bá wú, tí èémí rẹ̀ ń dún, tàbí tó ń bì tí ara rẹ̀ sì ń lé, ẹ má dúró wòye, ẹ má sì fi oògùn ara yíyún bíi Benadryl rọ́pò EpiPen. Ẹ yọ ìdérí búlúù, ẹ ki orí ọsàn rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan títí yóò fi dún, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ pe 911, kódà bí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń gba inú ṣòkòtò kọjá, àmọ́ bí aṣọ ìmúra rẹ̀ bá ní fóòmù nípọn lórí itan, ẹ wá aṣọ mìíràn fún un kó tó jáde.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn olùwádìí wo ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1975 sí 2016, wọ́n rí i pé ewu kí ọkọ̀ pa ẹlẹ́sẹ̀ lálẹ́ Halloween fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn alẹ́ mìíràn ní ìgbà yẹn lọ. Lọ́dọ̀ yín, ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago 6 ààbọ̀. Ẹ kun ojú rẹ̀ dípò ìbòjú tó lè dí i lójú, ẹ fún un ní tọ́ọ̀ṣì, kó má sì sá gba àárín ọkọ̀ méjì tó dúró. Ilé tí kò tan iná ẹnu ọ̀nà, ẹ kọjá. Wọn ò fẹ́ àlejò.

Bí gbogbo èyí bá wúwo fún yín lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kó ọkọ̀ jọ sínú ọgbà wọn, kálukú á ṣí bùútù, àwọn ọmọ á máa gba súìtì láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn fún ọmọ bíi tiyín, torí àpò ńlá náà sábà máa ń wà nínú bùútù, ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó gbà á. Kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì ilé ìwé rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, torí àwọn kíláàsì mìíràn máa ń pín súìtì lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ ò ní sí níbẹ̀.