Ṣé orin wa máa dùn mọ́ erin?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọgbà ẹranko kan ní kí àwa mẹ́fà tí a ń ta gòjé òyìnbó, tí a sì ń fun fèrè, wá ṣeré níwájú erin àti ìnàkí wọn. Orin kilasika la máa ń ṣe. Ṣé ó máa dùn mọ́ wọn, àbí ńṣe là ń lọ dẹ́rù bà wọ́n? Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yín ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1798 ni àwọn olórin ìlú Paris ti kó ohun èèlò wọn lọ síwájú erin méjì, kí wọ́n lè wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Ti erin ṣì dùn ún sọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 láti ọgbà ẹranko Belfast fi hàn pé nígbà tí wọ́n ń gbé orin kilasika sí i fún erin, àṣà àṣetúnṣe tí ẹranko inú àhámọ́ máa ń ní, bíi kó máa mira sọ́tùn-ún sósì láìsinmi, dín kù. Àmọ́ inú ẹ̀rọ ni orin yẹn ti ń jáde o. Ẹ̀rọ kì í ní òórùn àjèjì, kì í sì í ju apá sókè sódò pẹ̀lú ọ̀pá gòjé.

Ti ọ̀bọ, tó jẹ́ ẹbí ìnàkí, yàtọ̀. Nínú ìwádìí kan lọ́dún 2007, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀bọ kéékèèké yàn láàárín ibi tí orin wà àti ibi tó dákẹ́. Ibi tó dákẹ́ ni wọ́n lọ jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi olùtọ́jú wọn bóyá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn máa wà ní ṣíṣí. Ẹranko tó lè kúrò tí kò kúrò ti dá yín lóhùn. Èyí tí wọ́n tì mọ́ iwájú yín ò rí nǹkan kan sọ.

Erin tí ara tù á máa jẹ koríko rẹ̀ lọ, á máa fẹ́ etí jẹ́jẹ́. Bó bá na etí méjèèjì síta gbagidi, tó gbórí sókè, tó na ọwọ́jà sí yín, ẹ rọra dákẹ́. Bó bá wá ń mira, ẹ má pè é ní ijó. Àwọn èèyàn máa ń ya fídíò rẹ̀ pé "erin ń jó", nígbà tó jẹ́ pé àṣà tí mo sọ lókè yẹn ni. Ẹ bi olùtọ́jú bóyá ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìnàkí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ní tirẹ̀ á máa họra, á máa yán láìtòògbé.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, lóhùn ìsàlẹ̀, láti òkèèrè. Fèrè kékeré tó máa ń han gooro yẹn, ẹ fi í sínú àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.