Èsì: Bí a ṣe lè fi etí mọ blues yàtọ̀ sí jáàsì

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní orin blues àti orin jáàsì ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn létí yín. Ẹ má fi ohun èlò wọn dá wọn mọ̀, nítorí dùùrù àti gìtá wà nínú méjèèjì. Iye ni kí ẹ kà.

Nínú blues, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ní ìgbà 12, orin náà yóò sì ti yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 12 yẹn, akọrin á sọ gbólóhùn kan, á tún un sọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ẹ̀kẹta dáhùn. Bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bá ti parí, á dákẹ́ díẹ̀ kí gìtá lè gbè é, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà fún mi, nítorí ṣe ni gìtá náà máa ń dún bí ẹni tó ń bá a sunkún. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin níbẹ̀ ní 1865.

Jáàsì, tó gbèrú ní New Orleans, ìlú kan níbẹ̀ náà, sábà máa ń gba irú kíkà yẹn ní ìgbà 32 kó tó yí padà. Wọ́n á kọ́kọ́ lu orin náà bó ṣe wà, kí olúkúlùkù tó máa dá àrà tirẹ̀ lé e lórí.

Blues tí ẹgbẹ́ olórin ń lù ni kíkà yìí bá mu jù, nítorí ẹni tó ń dá kọrin pẹ̀lú gìtá lè fi kún 12 náà tàbí kó dín in kù. Àwọn oníjáàsì pẹ̀lú a máa lo 12. Bí ẹ bá kà á pé, tí àrà àwọn onífèrè sì gba orin náà kan, àwọn oníjáàsì ni ẹ ń gbọ́ yẹn.